Pólíìṣì Bàtà Lórí Ewúrẹ́ Màmá Rúùtù

Ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé bí mo bá di arúgbó tí mo gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ mi, mi ò ní gbàgbé rẹ̀: ọjọ́ tí èmi, odidi akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, kúnlẹ̀ sínú ilé ewúrẹ́ ní Lansing, tí mo mú pólíìṣì bàtà dúdú lọ́wọ́, tí mo ń fi kun iwájú orí ewúrẹ́. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀.

Àwọn ọdún 1980 la wà nígbà náà. Lansing kò jìnnà sí Chicago, ìkángun Lansing yìí sì ni ìpínlẹ̀ Indiana ti bẹ̀rẹ̀. Oko kéékèèké mélòó kan ṣì kù láàárín àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ni ti Màmá Rúùtù, opó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń gbé. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, màá dáná fún un, màá sì bá a tọ́jú ewúrẹ́ mẹ́fà tó ń sìn. Ó ní kí n máa pe òun ní Ruth, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́. “Màmá” ni mò ń pè é. Á wò mí, á ní, “Èmi kọ́ ni mo bí ẹ o, ọmọ yìí,” ṣùgbọ́n ó máa ń dáhùn.

Mo rò pé mo mọ̀ nípa ewúrẹ́ nígbà tí mo débẹ̀, torí pé ìyá mi sin ewúrẹ́ ní Ìwó láti kékeré mi. Àṣé n kò mọ nǹkan kan. Àwọn tibí ń jẹ koríko gbígbẹ tí wọ́n dì bí ẹrù, èèyàn ń gé èékánná fún wọn, èyí tó wá burú jù ni pé èèyàn ń fún wàrà wọn. Nílé wa, ọmọ ewúrẹ́ ló ni wàrà ìyá rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, ewúrẹ́ náà ta garawa nípàá, gbogbo wàrà dà sínú bàtà mi, Màmá Rúùtù sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Bẹ́tì ni ewúrẹ́ tó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ó funfun láti orí dé ìrù, àfi àmì dúdú kan níwájú orí tó tóbi tó ẹnu ife. Ọkọ Màmá Rúùtù ló fi ìgò fún un ní wàrà mu nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ̀ ọ́, ọdún yẹn náà sì ni ọkùnrin náà kú. Nínú gbogbo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ nínú oko yẹn, Bẹ́tì nìkan ló kù láàyè. Ní ìrọ̀lẹ́, á wá gbé àgbọ̀n lé orúnkún Màmá Rúùtù, màmá á sì máa rò fún un bí ọjọ́ ṣe lọ.

Èmi náà ní ẹni tí ọkàn mi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Mo fi bàtà kan rán ẹnì kan sí ìyá mi nílé, bàtà aláwọ rírọ̀, nítorí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ̀wé padà pé, “Ìyá ní kí n kí ẹ. Bàtà náà bá a lẹ́sẹ̀ mu.” Mo fi lẹ́tà yẹn sábẹ́ ìrọ̀rí. Lẹ́yìn oṣù méjì, mo pàdé obìnrin ìlú wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó dì mọ́ mi, ó ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù.” Mo ní ta ló kú? Ojú obìnrin náà yí padà. Ìyá mi ti kú láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn. Wọ́n ti sin ín tán kí bàtà tó dé. Àwọn ará ilé ní àwọn kò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lókèèrè, nígbà tí mo dá wà, tí ìdánwò sì ń bọ̀. Inú bí mi débi pé mo fa gbogbo lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi ya, n kò sì kọ̀wé sí i mọ́.

Ẹkún yẹn kò tíì tán lójú mi nígbà tí Màmá Rúùtù ṣubú ní ilé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ mi mú. “Bá mi tọ́jú Bẹ́tì. Bí mo bá ń rántí pé ó ń dúró dè mí, màá dìde.”

Ọjọ́ kẹta, oòrùn ràn dáadáa, koríko tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn ọgbà, àwọn ewúrẹ́ sì to ara wọn sídìí wáyà, wọ́n ń wò ó. Àánú wọn ṣe mí. Ní Ìwó, ta ló ń ti ewúrẹ́ mọ́lé? Ìyá mi á ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, wọ́n á jẹ káàkiri àdúgbò, bí ilẹ̀ bá ń ṣú wọ́n á darí wálé fúnra wọn. Mo ṣí géètì, mo wọlé lọ bẹ iṣu tí mo rà lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Iṣu kò tíì hó tí ọkùnrin ilé kejì fi ń lu ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ kan wà lórí ọkọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mẹ́ta wà nínú òdòdó ìyàwó rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ láìwẹ̀yìn. Òmíràn fa aṣọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ obìnrin náà kúrò lórí okùn, ó ń rìn káàkiri pẹ̀lú rẹ̀. Mo sáré jáde tèmi tìró àti sálúbàtà ilé ìwẹ̀, mo gbé èèpo iṣu sínú abọ́, mo ń fi ṣíbí lù ú, mo ń pè wọ́n bí ìyá mi ṣe máa ń pe tirẹ̀. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wòran. Ewúrẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kò mọ èèpo iṣu. Wọ́n wò mí, wọ́n sì padà sẹ́nu oúnjẹ wọn, àfìgbà tí ọkùnrin náà gbé búrẹ́dì jáde.

Bẹ́tì nìkan ni kò dá wàhálà kankan sílẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ọkùnrin náà, ó ń jẹ igi aláwọ̀ ewé tí wọ́n gbìn tí wọ́n sì gẹ̀ yípo ilé. Mo tiẹ̀ kí i pé, “Ẹ wò ó, àgbà lèyí.” Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ń gbọ̀n. Kí dókítà ẹran tó dé, ó ti kú. Dókítà náà fi ẹsẹ̀ kan ewé tó wà lẹ́nu rẹ̀, ó ní májèlé ni, pé kò sí ẹni tó ń sin ewúrẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí tí kò mọ igi náà.

Odidi ọjọ́ kejì ni mo fi gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ igi ápù. Mo fi kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù onítáyà kan ti Bẹ́tì débẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ bò ó, mo rántí pé n kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá mi. Iyẹ̀pẹ̀ tí n kò rí bù sórí ìyá mi, orí ewúrẹ́ ni mo wá ń bù ú sí. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún gidi.

Mo pe Alhaja kan lórí fóònù ní Country Club Hills, ìlú kan nítòsí wa, nọ́ọ̀sì àgbà tó mú mi bí àbúrò.

“Ewúrẹ́ kú? Ṣé o dúńbú ẹ̀ kó tó kú ni?”

“Rárá, mà.”

“Gbogbo ẹran yẹn! Ó ti di òkúǹbete nìyẹn. Anyway, má sọ fún màmá yẹn o. Who tells a patient that kind of thing? Jẹ́ kí wọ́n discharge ẹ̀ ná.”

Ọ̀rọ̀ náà bá mi lára mu. N kò bi ara mi léèrè ibi tí mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Mo dé ọsibítù, Màmá Rúùtù bi mí léèrè ewúrẹ́ rẹ̀ kó tó dáhùn ìkíni mi, mo sì gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, “Bẹ́tì kí yín, Màmá.”

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń purọ́. Bẹ́tì lé ológbò. Bẹ́tì kò fẹ́ koríko àná. Nọ́ọ̀sì wọn ní torí Bẹ́tì ni màmá fi ń gbé ẹsẹ̀, lónìí ìṣísẹ̀ márùn-ún, lọ́la mẹ́wàá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣíwọ́? Ó wá di ọjọ́ kan, màmá ní, “Ya fọ́tò rẹ̀ wá fún mi.”

Ibẹ̀ ni pólíìṣì ti wọ ọ̀rọ̀. Sálì, ọmọ Bẹ́tì, funfun látòkè délẹ̀. Mo yá kámẹ́rà tó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo kun Sálì níwájú orí. Àmì àkọ́kọ́ tóbi jù, ó dà bíi pé ewúrẹ́ dé fìlà. Mo fi ọṣẹ nù ún, ó di àwọ̀ eérú, Sálì sì fi orí nu ìyókù sára aṣọ iṣẹ́ mi funfun. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó dára. Màmá Rúùtù ní kí wọ́n lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló sì ń fi hàn.

Ọ̀sẹ̀ kárùn-ún ló dé sílé pẹ̀lú irin tí ó fi ń rìn. Mo ti tún Sálì kun láàárọ̀. Oòrùn mú. Màmá jókòó sí àgbàlá, ó ní kí n mú Bẹ́tì wá. Kàkà kí Sálì gbé àgbọ̀n lé orúnkún rẹ̀, ìwé ọsibítù tó wà lórí itan rẹ̀ ló gbé jẹ.

“Bẹ́tì, ṣé o ti gbàgbé mi ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ pa á lórí.

Ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ó wo ọwọ́, ó wo ewúrẹ́, ó gbóòórùn ọwọ́ náà, ó wá wò mí. Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Kí lò ń wá nílẹ̀? Kí ló bọ́ lọ́wọ́ ẹ?”

Mo ní kò sí ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo rò ó fún un látorí géètì dórí igi ápù.

Kò pariwo. “Ọjọ́ wo?” Mo ní ọjọ́ kẹta tó wọ ọsibítù. Ó ní, “Gbogbo ìgbà tí mo ní kí o bá mi kí i, o dúró níwájú mi, o ń bá a dáhùn.”

“Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ò ní dìde mọ́, Màmá.”

“Ó ṣeé ṣe kí n má dìde. Tèmi nìyẹn. Ẹkún mi lo gbà lọ́wọ́ mi, o lọ dá a sun.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń wá láti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, tí n kò rí i sọ. Èmi ni wọ́n wá sọ ọ́ fún, lórí ìkúnlẹ̀ mi, tí pólíìṣì ṣì wà ní èékánná mi.

Ó ní kí n mú òun lọ sídìí igi ápù. Ó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀, ó dà á síbẹ̀. Ọjọ́ méjì ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí látinú yàrá pé, “Sálì ń ké. Lọ fún wàrà rẹ̀,” mo sì mọ̀ pé kò ní lé mi. Pólíìṣì náà kò kúrò lórí Sálì fún oṣù mélòó kan. Ọkùnrin ilé kejì bi mí irú àrùn tó ń ṣe é.

Mo kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi. Ìbéèrè kan péré ni mo bi í: bàtà yẹn ńkọ́? Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ó ní ó wà nínú páálí rẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Ìyá, òun kò lè fún ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́jọ́ tí òun fẹ́ kọ̀wé sí mi, òun gbé e lé orí bàtà Ìyá ti àtijọ́, òun wọ̀n ọ́n, pé ó bá a mu lóòótọ́.

Mo fojú inú wo ọkùnrin gìrìwò náà, tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òkú, tó ń wọn bàtà, kí irọ́ tó fẹ́ pa fún mi má baà jẹ́ irọ́ pátápátá. Ẹ̀rín gbà mí, ẹkún sì gbà mí. Ta ni mo fẹ́ bínú sí, èmi tí mo kun ewúrẹ́?

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi jẹun láti ìgbà náà, ìròyìn ikú sì wà lára iṣẹ́. N kì í fi pamọ́. Màá fa àga, màá jókòó, màá sọ ọ́, màá sì dúró kí onítọ̀hún sun ẹkún rẹ̀ tó. Ohun tí ewúrẹ́ kọ́ mi nìyẹn. Bàtà tí mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi ti padà sọ́dọ̀ mi báyìí. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń nù ún kí ó dán, bí mo bá sì ti ṣí agolo pólíìṣì, tí òórùn rẹ̀ jáde, èmi nìkan á máa rẹ́rìn-ín nínú yàrá bí wèrè.