Akọ̀wé Ní Ọmọ Bàbá Kan Náà Ni Wá

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè fọ̀ kúrò lọ́kàn bó ti wù kí n fọ̀ ọ́ tó: ọjọ́ tí èmi àti àfẹ́sọ́nà mi lọ gba ìwé ìgbéyàwó ní Zaria, tí akọ̀wé ìjọba fi ẹ̀sùn ìríra kàn wá.

Ẹ gbọ́ ná. Àjàyí ni orúkọ bàbá mi, Àjàyí náà sì ni orúkọ bàbá Sámúẹ́lì. Ará Kàbà ni wá, ará Òmù-Àrán ni wọ́n. Inú ẹgbẹ́ akọrin la ti pàdé. Ta ló lè ka àwọn Àjàyí ilẹ̀ Yorùbá tán? Àmọ́ akọ̀wé yìí kò mọ ìyẹn. Àsìkò ọyẹ́ ni, ọ̀kadà la sì gùn wá láti Samaru, eruku ti kun àwa méjèèjì lójú bí ẹni tí wọ́n da èlùbọ́ lé lórí. Ó wo ìwé wa, ó wo ojú wa.

"Haba!" ó fi Hausa sọ ọ́. "Orúkọ kan, ojú kan. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni yín!"

Mo yíjú sí Sámúẹ́lì. "Bùrọ́dà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ o!"

Bí a ṣe ń pe ọkùnrin tó bá jù wá lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́. Akọ̀wé dìde dúró. "Ṣé ẹ gbọ́? Òun fúnra rẹ̀ pè é ní bùrọ́dà!" Ìyá kan tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kígbe "Subhanallahi!" ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó sún jìnnà sí mi. Èmi, tí mi ò tíì jí abẹ́rẹ́ rí!

Pásítọ̀ wa ti ní láìsí ìwé yẹn, òun kò ní so wá pọ̀. A sì ti pín ìwé ìpè, àwọn èèyàn mi ti ń palẹ̀ mọ́ ní Kàbà. Mo ní ká pe bàbá mi lórí fóònù. Sámúẹ́lì ní rárá, ìyá òun tó ń ta bàtà ní Kwangila ló sún mọ́ wa jù, wọ́n sì mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ.

Màmá dé, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Akọ̀wé bi wọ́n pé kí ni àwa méjèèjì jẹ́ sí wọn. Màmá fà mí mọ́ra, wọ́n rẹ́rìn-ín ìfẹ́, wọ́n fi ìwọ̀nba Hausa tí wọ́n gbọ́ dáhùn pé, "Su duka 'ya'yana ne!" Ọmọ mi ni àwọn méjèèjì!

Akọ̀wé pa ìwé dé, ó ní ká jáde kí òun tó pe ọlọ́pàá.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni sùúrù mi ti tán. "Ìwọ Sámúẹ́lì! Ṣé mi ò sọ fún ẹ ká pe bàbá mi? Etí ẹ di ni?"

"Ta lo ń pè ní ìwọ? Ṣé ẹnu tìrẹ kọ́ ló kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́?"

"Ìyá ẹ ló bà á jẹ́!"

Àfi bí akọ̀wé ṣe yọ orí lójú fèrèsé, tó ń rẹ́rìn-ín. "Kai! Èyí kì í ṣe ìjà ọmọ ìyá. Ìjà tọkọtaya gidi nìyí. Ẹ wọlé."

Ẹ wo ìwọ̀sí! Òtítọ́ wa kò tó o, èébú wa ló tó o. Ó gbé gègé, ó bi mí bóyá mo ṣì fẹ́ ọkùnrin yìí. Inú ń bí mi débi pé mo di ẹnu pọ̀. Màmá ló bá mi dáhùn, kíákíá: "Ó fẹ́ ẹ! Ẹ kọ ọ́ síwèé!"

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn fẹnu kò nílé kó tó lọ síwájú ìjọba, kó sì ṣàlàyé ìbéèrè yékéyéké fún ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí o. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí bí Màmá ṣe fi mí fọ́kọ lọ́jọ́ náà, tí èmi ń wú bí búrẹ́dì, ẹ̀rín á gbé mi ṣubú.