Férémù Ìran-Ńlá

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan ládùúgbò wa tó ń rìn bí ẹni tó ń gun òkè lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ má bi í pé kí ló dé. Aládùúgbò mi ni. Férémù àwòrán ló ń kàn, ó sì mọ̀ ọ́n kàn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ìdílé rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò lè kan ìṣó kan kó má dárúkọ baba ńlá mẹ́ta. La bá sọ ọ́ ní Ìran-Ńlá. Ó rò pé oyè ni.

"Ìran-Ńlá, ẹ káàárọ̀ o!"

"Ẹ rọra," á ní. "Ní ìdílé tiwa, a kì í yára dáhùn."

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin oníkọ̀ǹpútà tó kọjú sí ilé mi. Wọ́n wo ìwé ìbí, wọ́n wo ìwé ìgbéyàwó, wọ́n wo orúkọ àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́.

"Sà, alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí ìyá yín àgbà," obìnrin náà sọ fún un lọ́jọ́ kan.

"Pa á rẹ́," ni Ìran-Ńlá dá a lóhùn. "Wá èyí tó wọ bàtà fún mi."

Wọ́n wá a, wọ́n sì rí i. Ojú ewé kìn-ín-ní ìwé ìròyìn àádọ́rin ọdún sẹ́yìn ni. Bàbá tó bí bàbá rẹ̀ rèé nínú àwòrán gbàgàdà, tó jókòó ti gómìnà níbi àsè, etí méjèèjì na síta gẹ́lẹ́ bíi ti ọmọ-ọmọ rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ àwòrán. Ìran-Ńlá pariwo débi pé mo sáré jáde, mo rò pé iná ń jó ni.

Wọ́n tẹ ojú ewé náà jáde fún un, ṣùgbọ́n ó gùn ju férémù tó dáa jù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ, èyí tó ní etí wúrà. Oníférémù kì í bá ìwé tó gùn jù jiyàn, ọ̀bẹ ni wọ́n ń fà yọ. Ó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ fàì, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀, ó sì fi gíláàsì bo ìyókù. Ta ló ń ka lẹ́tà wínníwínní nígbà tí gómìnà wà lókè? Ẹkùn ojú ewé kìn-ín-ní! Arí-férémù-má-ka-ìwé!

À bá fi í sílẹ̀ kó máa gbádùn ara rẹ̀, àfi ti yàrá ìkàwé tí ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́. Gbogbo wa ti fẹnu kò pé orúkọ Ìyá Oníwèé la máa kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni olùkọ́ yìí fi gbé ìwé sínú agbọ̀n káàkiri kíláàsì nígbà tí kò sí yàrá kankan. Òun ló kọ́ èmi gan-an ní ìwé kíkà, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ mi nínú.

Ni Ìran-Ńlá bá dìde nípàdé àdúgbò. "Ẹni tó gbé agbọ̀n, àti ẹni tó bá gómìnà jẹun: orúkọ ta ló yẹ ilẹ̀kùn?"

Alága ní ká dìbò sí i lójú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ ìṣílé. Àyà mi já, torí mo mọ ohun tí etí wúrà ń ṣe sí ojú ọmọ èèyàn.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngán kún. Ìran-Ńlá gbé férémù dé, ó kó ìwé ẹ̀rí ogójì dání, ó tún fa àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ wá, ìyá arúgbó kan, pé kó wá jẹ́rìí.

"Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin yìí ló ń ṣàn lára mi!" ó kígbe. "Ìwà rẹ̀ ni ìwà mi! Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó ka ìwé ogójì yìí!"

Àtẹ́wọ́ dún. Àwọn kan ti ń nawọ́ sókè fún un. Ìyá Oníwèé rọra dìde, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ férémù náà.

"Bàbá yín mà rẹwà o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìròyìn yìí ò tíì parí. 'Gómìnà yíjú sí i, ó sì bi í pé', ibẹ̀ ló dúró. Kí ni gómìnà bi í?"

"Ó bi í pé ṣé àlàáfíà ni!" Ìran-Ńlá dáhùn wàràwàrà.

Obìnrin oníkọ̀ǹpútà ti ṣí i lórí fóònù. "Mo ti rí i. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n gé yẹn ló ní ká lọ sójú ewé kẹfà." Ó fi ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán gbé e sára ògiri, Ìyá Oníwèé sì kà á lóhùn kíláàsì:

"'Ó sì bi í pé, Ta ni ọ́? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà fèsì pé ìdílé òun ló ń jókòó níbẹ̀ láti ayébáyé. Nígbà tí wọ́n gbé e dìde, ṣíbí fàdákà mọ́kànlá jábọ́ látinú fìlà rẹ̀, pẹ̀lú itan adìẹ kan. Wọ́n ṣì ń wá ìkejìlá.'"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Èyí lọ fún àádọ́rin, ojú ewé kan ló bá a.

"Ìkejìlá?" ìyá arúgbó náà ké. "Ó wà nílé mi! Bàbá ló fún mi! Òun ni mo fi ń po tíì láràárọ̀!"

Gbọ̀ngán dà rú. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ìjókòó iwájú mi mú. Ìran-Ńlá ń làágùn.

"Èmi ò mọ ọkùnrin yìí rí!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́!" ni ìyá arúgbó náà wí. "Bàbá mi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ sí? Etí ta ló wà lórí ẹ?"

A dìbò. Ìyá Oníwèé ló wọlé, ìyá arúgbó náà sì na ọwọ́ méjèèjì. Alága wá ní kí àwọn tí ilé-ẹ̀kọ́ pè sórí pèpéle dìde, kí wọ́n bá olùkọ́ ya fọ́tò. Ìran-Ńlá náà dìde lórí àga ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága. Alága wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò.

"Ìran-Ńlá, ta ló ní kẹ́ ẹ wá jókòó síbí?"

A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó pè é.

Ó gbé férémù rẹ̀ há abíyá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni olùṣọ́ ti nawọ́ dá a dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ kọ́kọ́ bọ́ fìlà yín."