Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Ìyá Rájí Má Mira

Ọjọ́ kan wà tó kọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ ti dàgbà kọjá ẹni tó yẹ kójú ṣì máa tì.

Rájí Àkànó, ọ̀rẹ́ mi, ni mo mọ̀ tó kọ́kọ́ gbé kámẹ́rà fídíò wọ Ṣakí. Ó ti lé lógójì ọdún tíyẹn ṣẹlẹ̀ báyìí. Fọ́tò la jọ ń yà tẹ́lẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó ra ẹ̀rọ náà, gbogbo èèyàn rò pé ìgbéyàwó ni yóò máa fi yà. Rájí ní rárá o, bí ọwọ́ àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣiṣẹ́ lòun fẹ́ yà, torí fọ́tò kì í mú ìyẹn. Ìyá rẹ̀ tó ń po òrí ní Ìpàpó ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ara màmá ò le mọ́, ẹ̀rù sì ń bà á pé kó má lọ di pé kò bá wọn mọ́.

Ó ní kí n ṣáájú lọ múra wọn sílẹ̀. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́ta péré, mo di tíṣà. Mo kó Ìyá Rájí àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń po òrí, Sàlámótù àti Abẹ̀kẹ́, jọ, mo ní: "Bí iná pupa ara kámẹ́rà bá ti tàn, ẹ má mira, ẹ má ṣẹ́jú." Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Ta ló sọ fún mi pé fídíò yàtọ̀?

Lọ́jọ́ kejì, Rájí gun alùpùpù dé pẹ̀lú bátìrì kan ṣoṣo. Kò sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ní Ìpàpó nígbà náà. Iná pupa tàn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gan pa. Adìyẹ ń ṣá ẹsẹ̀ Sàlámótù jẹ, kò lé e.

"Màmá, ẹ máa ṣiṣẹ́ yín lọ!"

Màmá di eyín sọ̀rọ̀: "Dákẹ́, Àkànó. Ọ̀rẹ́ ẹ ní a ò gbọdọ̀ mira."

"Bátìrì ń lọ o!"

"Jẹ́ kó lọ. Ẹni tó bá mira, fọ́tò ẹ̀ á bàjẹ́."

Rájí wò mí. Mi ò fẹ́ irú ìwò yẹn fún ọ̀tá mi.

Mo sáré bọ́ síwájú ẹ̀rọ láti fi bí wọ́n ṣe máa ṣe hàn wọ́n. Mò ń ju apá, mò ń tẹ̀ ba. Ẹsẹ̀ mi yọ̀ lórí omi òrí tó ta sílẹ̀, mo sì fìdí jókòó gbàgà sínú bàsíà Abẹ̀kẹ́.

"Yéè, òrí tí mo fẹ́ gbé lọ sọ́jà! Ṣé ìdí ẹ ló gbẹ tó báyìí ni?"

Ìyá Rájí bú sẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé ìkìlọ̀ mi, ó na ọwọ́ méjèèjì tí òrí ń kán lára wọn sí mi, ó ń fi èjìká nu omijé ẹ̀rín. Ìgbà náà ni iná pupa kú.

Nígbà tí a dé Ṣakí, bátìrì náà ò gba iná mọ́. Kí Rájí tó rí òmíràn rà, màmá ti dolóògbé. Ẹ̀rín yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù fún un. Òun ló máa ń fi han àwọn tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn tó ń ya fídíò káàkiri Ìsẹ́yìn àti Ìlerò lónìí. Á ní, "Ẹ wo ìyá mi."

Èṣí la sin Rájí. Mo ti kọ́gbọ́n: ẹni tí ò mọ̀nà kì í ṣáájú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní káwọn ọmọ rẹ̀ bá mi wá ibi tí ojú rẹ̀ wà nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó yà sílẹ̀, a ò rí i. Ó ya gbogbo wa, kò sẹ́ni tó yà á. Ìdí tèmi nínú bàsíà, ó wà níbẹ̀ rekete. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá fi etí agbádá nu ojú.