Àpáta Wọ Omi Tútù

Ọ̀gá kan ń bẹ tó ní ilé ìfọṣọ. Àpáta ló ní kí gbogbo ayé máa pe òun. Òun ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ, òun náà ló sì ń ki ara rẹ̀: Àpáta tí òjò ń pa tí kì í sín, Ọkọ Ìṣòro, A-jìyà-bí-ẹni-jẹyọ̀, Baba Ìfaradà. Bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó kan fèrèsé, Àpáta ti wọ kóòtù méjì léra.

Àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń fọṣọ fún un. Ìyá Ìbejì ló dàgbà jù nínú wọn, òun náà ló sì gba ọ̀gá gbọ́ jù. Nígbà tí ọ̀gá yọ ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná kúrò níbi iṣẹ́, tó gbé e lọ sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Omi gbígbóná ló ń sọ ọkàn èèyàn di ẹ̀kọ," ni Àpáta wí. "Mo gbé e pa mọ́ kó má baà máa dán yín wò."

Ìyá Ìbejì ní òótọ́ ni. Àbí kí ni akọni bíi ti ọ̀gá fẹ́ fi omi gbígbóná ṣe?

Òtútù wá dé, kò sì wojú ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì là yánnayànna. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ kán sára aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun.

"Ẹ̀jẹ̀ kí nìyí?"

"Ọwọ́ mi ló là, sà."

"Ọwọ́ kọ́, ọkàn rẹ ló là! Ẹni tí kò bá jìyà tó kún agbè, kò lè jẹ oore tó kún ahá."

"Ọ̀gá, ìyà tèmi ti kún kànga."

Àpáta ní bí òun bá tún rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ oníbàárà, kí ó gba ilé lọ. Kí ló fẹ́ lọ ṣe nílé? Iṣẹ́ yìí náà ló fi ń bọ́ àwọn ìbejì. Láràárọ̀, kó tó ki ọwọ́ bọ omi, á gbàdúrà pé, "Olúwa, fún mi ní ọkàn bíi ti ọ̀gá mi."

Ṣùgbọ́n omi tútù ò gbọ́ ìwàásù. Ìdọ̀tí ò bó mọ́. Aṣọ funfun ń padà sílé bí aṣọ tí wọ́n fi nu ilẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn. Ni Àpáta bá pe gbogbo wọn, òṣìṣẹ́ àti oníbàárà. Ó ní tó bá di ọjọ́ Sátidé, òun fúnra òun á jókòó sínú omi tútù lójú wọn, kí wọ́n lè rí i pé ọkàn ló ń fọṣọ, kì í ṣe omi. Ó pe onífótò sí i.

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé kún. Àpáta ti wà nínú ọpọ́n ńlá tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ, tòun ti ṣòkòtò pénpé. Ìfófó ọṣẹ dé e lọ́rùn, ẹnikẹ́ni ò lè rí omi.

"Ẹ̀yin ará," ó pa eyín pọ̀ keke, "òtútù ń jẹ mí, èmi náà ń jẹ ẹ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó na ìka sí Ìyá Ìbejì. "Ẹ wo ìyá yìí. Omi díẹ̀ báyìí ló ń pa á lẹ́kún. Ẹ wá wo èmi!"

Ojú ti Ìyá Ìbejì débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ìgbà tó máa gbójú sókè, ó rí òógùn tó ń ṣàn lójú ọ̀gá bí ẹni tó ń gúnyán.

"Yéè! Ẹ gbà wá o! Òtútù ti pa ọ̀gá, ibà ti dé!"

"Ibà kankan ò sí! Dúró síbẹ̀!"

"Ẹ gbọ́ ọ, ó ti ń sọ kántankàntan!"

Kí Àpáta tó pa ojú dé, Ìyá Ìbejì ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá rẹ̀ kó lè fà á jáde. Ṣùgbọ́n kò fà á. Ó kọ́kọ́ rò pé ọwọ́ òun ló ti kú.

"Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Omi yìí lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Àfi gìrì lórí àtẹ̀gùn. Ìyàwó ọ̀gá ló ń bọ̀, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń rú èéfín.

"Bàbá wa, ẹ má bínú, mo pẹ́. Ẹ ní kí n má jẹ́ kó tutù mọ́ yín lára."

"Èmi? Nígbà wo?"

"Ha! Ṣebí inú ẹ̀rọ yín ni mo ti bù ú, èyí tí ẹ fi ń wẹ̀ láràárọ̀ tí ẹ máa ń kọrin."

Ẹ̀rín bú gbàù. Ìyá Ìbejì ò bá wọn rín in. Inú bí i, inú bí i gan-an. Ó rántí gbogbo àdúrà tó ti gbà lórí ọkàn ọkùnrin yìí. Ó yíjú, ó ru òkìtì aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó sì dà á lé ọ̀gá lórí itan.

"Ìyá Ìbejì! Kí lò ń ṣe?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Omi gbígbóná ti dé, aṣọ sì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ sún díẹ̀."

Àwọn mẹ́ta yòókù ò jẹ́ kí wọ́n pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yí ọpọ́n ká, wọ́n ń gbo, wọ́n ń fọ̀, ẹnìkan sì ṣèèṣì gbo orí ọ̀gá mọ́ aṣọ. Onífótò ò sinmi. Àpáta fò jáde, ó fa aṣọ àkọ́kọ́ tọ́wọ́ rẹ̀ bà, ó ró o mọ́ ìdí, ó di ìta.

"Aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi!" ni oníbàárà kan ké. "Ẹ bá mi mú un!"

Gbogbo èrò tú tẹ̀ lé e, tàwọn ti ariwo.

Nínú ilé, Ìyá Ìbejì ò yọwọ́ nínú omi. Omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi tí mo rò pé ọ̀lẹ ni mí," ó ní. "Gbogbo òtútù yìí, àwa la fara dà á. Òun ò tiẹ̀ mọ bó ṣe rí."

Ìyàwó ọ̀gá dúró ti bọ́kẹ́ẹ̀tì, kò mọ ibi tó máa gbójú sí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n dà á sí i?"

"Ẹ dà á sí i, màmá. Kẹ́ ẹ tún lọ bu òmíràn wá."