Mẹlẹ́sì Tí Émile Rà Bí Ẹni Ra Àgbò

Ẹjọ́ tó dé ààfin wa lánàá kò fi ẹsẹ̀ rìn wá. Ọkùnrin mẹ́fà ló rù ú lórí, wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀ níwájú Kábíyèsí, gbogbo wa sì rí ilẹ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń yọjú lójú fèrèsé.

Ọkọ̀ ojú omi ni. Ọkọ̀ fíbà funfun, tí kì í ṣe igi, tí kì í ṣe irin, èyí tí Honorine rà lọ́wọ́ àwọn tó wá kọ́ ìdídò Nangbéto, ògiri ńlá tó sé odò wa, nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù wọn lọ. Láti ìgbà tí omi ti bo ọ̀nà wa mọ́lẹ̀, ọkọ̀ yìí ni ọ̀nà. Òun ló ń gbé àwọn èèyàn òdìkejì wá sọ́jà, òun náà ló ń bọ́ Honorine, opó, àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Honorine kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí, àbúrò ọkọ mi tó ti kú ni mo pè lẹ́jọ́. N kò lè dárúkọ rẹ̀, torí ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Orúkọ tí mo fún un lọ́jọ́ tí mo wọlé ni n ó máa pè é. Ọlọ́gbọ́n ni mo sọ ọ́."

Gbogbo ààfin wo Émile. Émile gbé àyà sókè.

"Kí ni Ọlọ́gbọ́n fi ṣe ọ́?"

"Ọkọ̀ mi sán díẹ̀, Kábíyèsí, kò ju ìka mi yìí lọ. Kí a tó lè fi oje fíbà lẹ̀ ẹ́, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi mẹlẹ́sì họ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ tí àwo ẹnu rẹ̀ máa ń yí biribiri yẹn. Mo tu owó jọ, mo rán Ọlọ́gbọ́n lọ sí Atakpamé. Mo ní, 'Ọkọ mi, èyí tí apá mi ká ni kí ẹ rà o. Kékeré, tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé. Kó ní ìdérí irin lórí àwo rẹ̀. Kí àwo náà sì jẹ́ ti bébà oníyanrìn, torí híhọ la fẹ́ họ ọ́, a ò fẹ́ gé e.'"

"Kí ló wá rà?"

"Ìyá ńlá ẹ̀rọ, Kábíyèsí! Èyí tí wọ́n fi ń gé òkúta. Ó gbé e lé èjìká wálé bí ẹni tó pa ẹfọ̀n."

Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà jáde. Ó gùn tó apá àgbàlagbà, àwo rẹ̀ fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, ìhòòhò ló sì wà. Àwọn tó jókòó níwájú fà sẹ́yìn.

"Émile, ṣé bó ṣe wí ló ṣe rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi ìgbìmọ̀ ní ìbéèrè kan. Ẹ lọ sí Moretan lọ́jọ́ ọjà. Ẹ rí àgbò ńlá, ẹ rí àgbò kékeré, iye kan náà ni wọ́n ń ta méjèèjì. Ta ló máa fa kékeré wálé nínú yín?"

Bàbá Vincent, igbákejì Kábíyèsí, mi orí. Ògúnkọ̀yà, olóyè àwọn ọdẹ, mi tiẹ̀ ju ti Vincent lọ.

"Ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀," ni Vincent wí. "Èmi ò lè fa kékeré."

"Kí n fà á lọ fún ta ni?" ni Ògúnkọ̀yà wí. "Ọmọ yìí mọ ọjà rà."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Mo sì yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó. Mo gbé e, ó wúwo. Mo tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, ó le. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ké, ó ké débi pé àgbò gidi tó wà nítòsí já okùn. Kékeré ọ̀hún wá ń ṣe 'hììì' bí ẹ̀fọn. Ṣé ẹ̀fọn ni wọ́n rán mi?"

"Ṣé àgbò ni mo rán yín?" ni Honorine bi í.

"Ìyàwó wa, ní sùúrù. Àwọn àgbà ti dá mi láre."

"Ihò yìí ńkọ́?" Kábíyèsí nawọ́ sí ọkọ̀. "Àgbò tí ẹ ń wí yìí á gba ibẹ̀ kọjá tìwo tìwo."

"Kábíyèsí, ẹ má pè é ní ihò. Ibi tó sán tẹ́lẹ̀ kéré, ó ń sá pamọ́ fún wa. Àrùn tí a kò rí, ṣé a lè wò ó? Mo là á kí gbogbo wa lè rí i. Ẹ sì tún wò ó: látijọ́, bí omi bá wọnú ọkọ̀, igbá la fi ń gbọ́n ọn. Nísinsìnyí, omi tó bá wọlé á rí ọ̀nà jáde fúnra rẹ̀."

Ògúnkọ̀yà tún bẹ̀rẹ̀ sí mi orí. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó ń rò ó.

Kábíyèsí ní kí ẹlẹ́rìí bọ́ síwájú. Sùnmọ́nù dìde, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta ògbólógbòó ẹ̀rọ lọ́jà Atakpamé. Ó gbọn agbádá.

"Wàláhì, Kábíyèsí, mo kìlọ̀ fún un. Mo ní, 'Ọ̀rẹ́ mi, òkúta lèyí ń gé o.'"

Émile fò dìde. "Àlájì, ẹ ò wí bẹ́ẹ̀! Ẹ ní kò sí ohun tí kò lè gé!"

"Mo wí i. Ṣé òkúta kò sí lára ohun gbogbo ni?"

"Èwo gan-an lo fẹ́ tà fún un?" ni Kábíyèsí bi í.

"Kékeré ni, Kábíyèsí. Èmi fúnra mi ni mo gbé e lé e lọ́wọ́."

"Báwo ni ńlá ṣe wá dé èjìká rẹ̀?"

"Ńlá yẹn ti wà lọ́rùn mi láti ìgbà tí wọ́n ti parí ìdídò. Kò sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Mo bá ń dín in, mo ń dín in, títí ó fi bá kékeré dọ́gba. Oníṣòwò ni mí. Bí ẹnì kan bá wá ń tẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ mi bí ẹ̀yìn àgbò, ṣé kí n lé e ni?"

"Ìdérí àwo rẹ̀ dà?"

"Ìyẹn wà lára ohun tí mo dín, Kábíyèsí."

Ó kan Eugène. Iná tí omi wa ń mú jáde ń gba orí wa kọjá lórí wáyà, ó ń lọ tan fún àwọn tí kò fojú rí adágún yìí rí; àwa tí omi bo oko wa, gúrúpù la ń yá lọ́wọ́ Eugène, ẹ̀rọ amúnáwá tó ń mu epo ju bí Eugène ṣe ń mu ògógóró sódábì lọ. Orí gúrúpù yìí ni wọ́n ki okùn ẹ̀rọ náà bọ̀.

"Kábíyèsí, bí wọ́n ṣe ki okùn bọ̀ ọ́ ni gúrúpù mi kérora bí obìnrin tó ń rọbí. Ọwọ́ kan ni Émile fi di ẹ̀rọ mú. Sìgá wà lọ́wọ́ kejì."

"Irọ́ ni! Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú!"

"Ta ló wá mú sìgá?"

"Ẹnu mi ló mú un!"

"Ẹ gbọ́ o, sìgá wà níbẹ̀," ni Eugène wí. "Ẹ̀rọ yẹn fò sókè, ó bọ́ sínú fíbà, ó ń lọ, Émile ń tẹ̀ lé e. Mo pariwo pé, 'Jù ú sílẹ̀!' Ó ní ẹrù olówó ńlá kì í ṣe ohun à-jù-sílẹ̀."

"Ẹ bá mi gbọ́!" ni Honorine wí. "Lọ́jà, pọ́ọ̀kú ni. Nínú ọkọ̀ mi, ó di olówó ńlá!"

"Ìwọ tí o ni gúrúpù," ni Kábíyèsí wí, "kí ló dé tí o kò pa á?"

Eugène họ orí. "Kábíyèsí, wákàtí-wákàtí ni mo ń gbowó."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí adé fi yẹ̀. Ẹni tó bá mọ ààfin wa á ti mọ ibi tí ẹjọ́ ń lọ. Bí ara bá ti tu ọba, adìẹ kan àti ìgò sódábì kan ni ìdájọ́. Ìgbìmọ̀ ló máa ń jẹ adìẹ, ìgbìmọ̀ ló máa ń mu sódábì, òórùn ni olùpẹjọ́ máa ń gbé lọ sílé.

Vincent ti ń nu ẹnu sílẹ̀. "Kábíyèsí, adìẹ kan, sódábì kan. Kí Honorine wá ọkọ̀ igi kan máa lò."

Honorine dìde lórí eékún.

"Kò burú, ẹ̀yin bàbá. Iṣẹ́ kan ló kù tí wọ́n rán mi. Àwọn obìnrin tó há sí òdìkejì omi rán apẹja kan sí mi pé kí n kí yín. Olorì Léonie wà láàárín wọn. Wọ́n ní àwọn ò ní fi ọkọ̀ igi la ìgbì àsìkò yìí láéláé. Wọ́n ní ilé ìyá àwọn tura gan-an, kí Kábíyèsí má ṣèyọnu."

Ẹ̀rín dá lẹ́nu Kábíyèsí. Léonie ni ìyàwó kékeré, òun nìkan ni ọba ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ láìbéèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ ni kò sí tí kò fi padà wá?"

"Ọkọ̀ ni, Kábíyèsí."

"Mo ti rò pé ó ń bá mi jà ni! Mo ti fi aṣọ méjì ránṣẹ́ bẹ̀ ẹ́!"

Kò sẹ́ni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín. Kábíyèsí dìde dúró.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́! Sùnmọ́nù, gbé àgbò rẹ. Kí kékeré dé ibí lọ́la, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, pẹ̀lú àwo oníyanrìn, má sì gba fráǹkì kan lé e. Eugène, gúrúpù rẹ á ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ìwọ ni o máa ra epo àti oje fíbà. Émile, ìwọ ni o máa họ ọ́. Bọ́ ẹ̀wù rẹ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Eruku fíbà ń yúnni ju wèrèpè lọ, yóò kọ́ ọ ní ohun tí ẹnu wa kò lè kọ́ ọ."

"Kábíyèsí ò!"

"N kò tíì parí. Bí ọkọ̀ bá ti gbẹ, èrò àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí: Émile tó họ ọ́, Sùnmọ́nù tó ta ẹ̀rọ, Eugène tó ń ka wákàtí, àti ẹ̀yin olóyè méjì tí ẹ mi orí. Ibi tí omi ti jìn jù ni ẹ ó gbà kọjá. Ẹ ò ní mú igbá ìgbọ́nmi dání. Bí ẹ bá dé òdìkejì, ẹ gbé Olorì wá fún mi. Bí ẹ ò bá dé, ẹjọ́ parí."

Ààfin dàrú. Ògúnkọ̀yà di Émile lọ́rùn mú. "Kékeré ni o! Ṣé o gbọ́ mi? Kékeré! Ọmọ wo ni kò mọ̀ pé kékeré ni?" Vincent ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ìka wọn etí ihò náà. "Ẹ jẹ́ ká lẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì. Àbí mẹ́rin. Oje yìí, ṣé ó máa ń gbẹ dénú?"

"Ìdérí ńkọ́, Àlájì?" ni Honorine bi Sùnmọ́nù.

"Ìyá mi, méjì ni n ó mú wá! Èmi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀!"

Vincent gbójú sókè láti ibi ihò. "Kábíyèsí, Olorì yín la fẹ́ lọ gbé. Ṣé ẹ ò ní bá wa wọ ọkọ̀ ni?"

"Èmi kẹ̀?" ni Kábíyèsí wí. "Bí gbogbo wa bá rì, ta ni yóò dá ẹjọ́ òkú yín?"