Ìkànnì Tí Ògbóǹtarìgì Ṣe fún Onípósí

Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ wà nílé, kò sọnù, ṣùgbọ́n Ògbóǹtarìgì ló ní kí gbogbo ayé máa pe òun. Ó tún fún ara rẹ̀ ní oríkì: Ẹkùn orí ayélujára, a-fi-ìka-kan-tẹ-bọ́tìnì-kí-ìlú-mì. Ìlú kò tíì mì, torí Ògbóǹtarìgì kò tíì ṣe ìkànnì kankan rí láyé rẹ̀.

Fídíò ìkọ́ni méjì àti ààbọ̀ ló wò, ó ní òun ti mọ̀ ọ́n tán, ó dá iṣẹ́ tara rẹ̀ sílẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ ni yàrá tó ti ń sùn láti kékeré. Tábìlì rẹ̀ ni pákó tí ìyá rẹ̀ fi ń lọ aṣọ, nítorí náà bí ìyá bá fẹ́ lọ aṣọ, ilé-iṣẹ́ wọ ìsinmi nìyẹn. Ó tẹ káàdì pélébé jáde, ó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: Olùdásílẹ̀, Ọ̀gá Àgbà àti Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí.

Bó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kì í sọ pé “èmi”. “Àwa níbí, a kì í gba iṣẹ́ kékeré,” ló máa ń wí.

“Ta ni àwa?” ni ìyá rẹ̀ bi í lọ́jọ́ kan.

“Èmi àti ẹ̀yin ni, Màámi.”

“Èmi ò sí níbẹ̀ o.”

Ká má parọ́, ẹbí ni oníbàárà àkọ́kọ́ oníṣẹ́ tuntun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ń kan pósí. Iṣẹ́ àǹtí yìí mọ́ débi pé èèyàn lè fi ara pósí rẹ̀ ṣe dígí, bí èèyàn bá láyà. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ àbúrò rẹ̀.

“Wọ́n ní o ti di ọ̀gá.”

“Ẹ̀yin náà ti gbọ́, Àǹtí?”

“Ìwọ lo sọ fún mi. Ẹgbẹ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò yìí fẹ́ kí gbogbo wa ní ìkànnì. Mo ti dárúkọ rẹ níbẹ̀. Ṣe tèmi ná. Bó bá dára, ìwọ ni wọ́n máa gbé ti gbogbo ẹgbẹ́ fún. Bí kò bá dára, èmi àti ìwọ lojú máa tì.”

Ayọ̀ gba ọkàn Ògbóǹtarìgì, ẹ̀rù sì bà á. Ohun tó ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyí, kò sì mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ó sọ bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí ì bá wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ṣé Alága Ìgbìmọ̀ Olùdarí ló máa sọ pé òun ò mọ̀?

Ó wá ìkànnì àpẹẹrẹ ọ̀fẹ́ kan lórí ayélujára, irú èyí tí wọ́n ti to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sí, kí ẹni tó bá gbà á lè fi tirẹ̀ rọ́pò. Ti ilé-ìtajà bẹ́ẹ̀dì ni. Ó pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà pé níbikíbi tó bá ti rí “bẹ́ẹ̀dì”, kó yọ ọ́, kó fi “pósí” síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í jiyàn. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, iṣẹ́ ti parí. Ògbóǹtarìgì kò kà á. Gbogbo ọjọ́ tó kù ló fi ń mú orúkọ ara rẹ̀ tóbi sí i nísàlẹ̀ ìkànnì, títí ó fi ju ti àǹtí lọ.

“Jẹ́ kí èmi àti ìwọ kọ́kọ́ wò ó,” ni àǹtí wí.

“Oòrùn kì í yọ nínú yàrá, Àǹtí. Ẹ pe ẹgbẹ́.”

Àǹtí pe ẹgbẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n gbá ìdọ̀tí pákó, wọ́n to bẹ́ǹṣì. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń tẹ́ inú pósí ni wọ́n ta sára ògiri kí àwòrán tí ẹ̀rọ máa tàn láti inú kọ̀ǹpútà lè hàn lórí rẹ̀. Pósí tuntun kan wà níwájú, ó ṣí sílẹ̀. Wẹ́dà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ jókòó, télọ̀ jókòó, aránbàtà jókòó. Ìyá Ògbóǹtarìgì nìkan ló ṣì wà lọ́dọ̀ onídìrí, ó ń ṣe irun tó máa fi wo ògo ọmọ rẹ̀.

“Ta ló kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀?” ni alága bèèrè.

“Èmi ni, bàbá. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, orí tèmi ló ti jáde. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín.”

Àwòrán yọ: obìnrin kan nínú aṣọ oorun ń na ara, ó ń rẹ́rìn-ín. Ògbóǹtarìgì gbé ohùn bí olóòtú rédíò.

“Pósí wa: ibi tí òwúrọ̀ rere ti ń bẹ̀rẹ̀.”

Télọ̀ wúkọ́.

“Ó rọ̀, ó sì ń gba ẹ̀yìn dúró. Sùn nínú rẹ̀ lálẹ́ òní, kó o jí pẹ̀lú okun lọ́la.”

Ẹ̀rín bẹ́. Ògbóǹtarìgì rò pé orí àwọn èèyàn ń wú ni, ó túbọ̀ gbóhùn sókè.

“Gbọ́ ohun tí oníbàárà wa sọ: Èmi àti ọkọ mi kì í fẹ́ kúrò nínú pósí wa láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ṣé ìyàwó tuntun ni ọ́? Pósí ẹlẹ́ni-méjì ló yẹ ọ́. Lò ó fún oṣù kan. Bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dá a padà.”

Ìgbà yìí ni etí rẹ̀ gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

“Ọmọ mi,” ni alága wí, “ta ló máa dá a padà? Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni?”

Ibi tó yẹ kó ti tọrọ àforíjì nìyí. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í jẹ́ kí eegun orúnkún tẹ̀.

“Ọgbọ́n ìpolówó ni, bàbá. Pósí yìí rọ̀ lóòótọ́.”

“Pákó ni mo fi kàn án,” ni àǹtí wí jẹ́jẹ́.

“Ó rọ̀, Àǹtí.”

“Ó dáa. Wọ inú rẹ̀, kó o sọ fún wa.”

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wo gbogbo ojú tó ń wò ó. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú pósí tòun ti kóòtù lọ́rùn, ó nà gbalaja.

“Ṣé ó rọ̀?”

“Ó... ó rọ̀ díẹ̀.”

Alága dìde. “Ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹni tó bá fẹ́ ká gbé iṣẹ́ wa fún un, kó nawọ́ sókè.”

Ọwọ́ kan ṣoṣo ló nà sókè. Láti inú pósí ló ti jáde.

Aránbàtà rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣubú kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Télọ̀ ń sunkún ẹ̀rín, àǹtí pàápàá ń nu ojú. Ibẹ̀ ni ìyá Ògbóǹtarìgì ti wọlé pẹ̀lú irun tuntun, ó rí ọmọ rẹ̀ nínú pósí, ó rí omi lójú gbogbo èèyàn. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ta ló pa ọmọ mi?”

“Fara balẹ̀, ìyàwó wa,” ni àǹtí wí. “Ẹnu rẹ̀ ló pa á. Àwa kàn tẹ́ ẹ síbẹ̀ ni.”