Adìyẹ Ìdí Òpó

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà Ìdí-Òro fi ń pa òwe pé, "Bí òpó bá fi ọ́ ṣẹlẹ́yà, wo òrùlé kó o tó mú àáké"? Ẹ súnmọ́ mi dáadáa.

Ọnàfowókàn gbẹ́nàgbẹ́nà ló fà á. Lọ́jọ́ kan, adìyẹ ọlọ́mọ kan lé Baálẹ̀ yí agboolé ká títí bàbá fi gun igi ìbẹ́pẹ. Gbogbo ìlú ló rí i, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọnàfowókàn nìkan ni ọwọ́ ń yún: ó gbẹ́ ère Baálẹ̀ àti adìyẹ náà. Baálẹ̀ ju ère náà síná, ó ní ẹni tó bá tún gbẹ́ ère nílùú òun, kó palẹ̀ ẹrù mọ́, kó máa lọ.

Nígbà tó ṣe, Baálẹ̀ ń kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, ó ní kí Ọnàfowókàn gbẹ́ òpó àárín.

"Òpó kì í ṣe ère," ni gbẹ́nàgbẹ́nà ń wí fún ara rẹ̀. Àmọ́ kó tó mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gbẹ́ ọkùnrin onífìlà kan tó dì mọ́ òpó náà, adìyẹ dúró sí ìdí rẹ̀ tòun ti ọmọ mẹ́fà. Ó sáré fi aṣọ wé e, ó lọ mú ọ̀bẹ tí yóò fi fá a kúrò. Kó tó padà dé, àwọn kọ́lékọ́lé ti gbé òpó nàró, òrùlé ti wà lórí rẹ̀; bó bá fá a, ilé a wó.

"Àwẹ̀ró, mo gbé!" ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú máa di ẹrù," ni Àwẹ̀ró dáhùn.

Lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n gbé ẹ̀wà fún gbogbo àlejò, Ọnàfowókàn kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tú aṣọ ara òpó. Ìyá arúgbó tó ni adìyẹ ló pariwo: "Adìyẹ mi rèé! Wọ́n tilẹ̀ ka ọmọ rẹ̀ pé!"

Ni Baálẹ̀ bá já àáké gbà lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé kan, ó kọ lu òpó.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, òrùlé!" ni Ọnàfowókàn kígbe.

Etí ikún ni. Òpó ṣẹ́, òrùlé ń rọ̀ bọ̀ wálẹ̀, àwọn ìjòyè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Baálẹ̀ sọ àáké nù, ó fi èjìká gbé igi àjà. Ibẹ̀ ló wà tí adìyẹ ìyá arúgbó náà fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ jẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò sì lè sá.

"Ọnàfowókàn! Gbẹ́ òpó mìíràn wá kíá!"

Ọnàfowókàn dọ̀bálẹ̀. "Baálẹ̀, kí ni kí n gbẹ́ sí i lára?"

"Ohun tó bá wù ọ́! Kódà, gbẹ́ adìyẹ méjì!"

Àwẹ̀ró tú ẹrù. Adìyẹ méjì ló sì wà ní ìdí òpó náà títí dòní. Torí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí òpó bá fi ọ́ ṣẹlẹ́yà, wo òrùlé kó o tó mú àáké.